Ohun tí fèrè ń rí: bí a ṣe ń tan iná sí olórin àti ohun èlò rẹ̀ nínú fọ́tò

Bàbá afunfèrè kan ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ti ya wọ́n tán, inú mi ti ń dùn pé ojú wọn mọ́, ẹ̀rín wọn dára, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ọwọ́ wọn sì ń dán gbinrin. Mo gbé kámẹ́rà fún wọn kí wọ́n wò ó. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní kí n bá wọn sún un tóbi, wọ́n tún wò ó, wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ni aláṣọ pupa tó wà lára fèrè mi yìí?"

Èmi ni. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo wà lára idẹ bàbá, mo fà gùn bíi rọ́bà, kámẹ́rà bò mí lójú, iná méjì wà lọ́tùn-ún lósì mi, àga tí mo gbé báàgì mi lé sì wà lẹ́yìn. Gbogbo yàrá ló wọnú fọ́tò náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé wàhálà yíya olórin pẹ̀lú ohun èlò rẹ̀ kì í ṣe pé iná kò tó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń bá a fà á yóò ní iná òun ló kéré, yóò lọ wá èyí tó lágbára jù ú lọ, fèrè náà yóò sì tún burú sí i. Ohun tó ń fa wàhálà ni pé ẹni méjì ló jókòó síwájú kámẹ́rà: ojú olórin, àti ohun tó gbé dání. Àwọn méjèèjì kì í gba ìmọ́lẹ̀ lọ́nà kan náà. Ẹni tó bá tan iná sí wọn bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ọ̀kan á yó, ebi á pa èkejì.

Aṣọ àti ṣíbí

Ẹ ṣe ìdánwò kékeré kan lálẹ́ òní. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ẹ gbé ṣíbí irin tó ń dán lé e, kí ẹ sì pa gbogbo iná yàrá àfi ẹyọ kan. Ẹ wá máa rìn yí tábìlì náà ká. Níbikíbi tí ẹ bá dúró sí, aṣọ náà funfun bákan náà. Ṣíbí ní tirẹ̀ kò dúró sójú kan: ibi tó pọ̀ jù lára rẹ̀ dúdú, àmì iná kékeré kan ló ń tàn lójú rẹ̀, bí ẹ sì ti ń rìn ni àmì náà ń sá kiri.

Aṣọ gba ìmọ́lẹ̀, ó sì fọ́n ọn ká síbi gbogbo, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí kò rí ìpín tirẹ̀. Ṣíbí kì í fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ọ̀nà kan ló ń jù ú sí, ẹni tí kò bá sí lójú ọ̀nà yẹn kò ní rí nǹkan kan. Awọ ara èèyàn sún mọ́ aṣọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba ṣíbí díẹ̀ lórí rẹ̀, pàápàá tí òógùn tàbí ìpara bá wà lójú. Idẹ trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, fàdákà fèrè gbọọrọ, dúdú píánò ńlá, ṣíbí pátápátá ni wọ́n.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ kì í tètè gbà: ẹ kò lè tan iná sí idẹ tó ń dán. Ẹ lè gbé iná tó tó oòrùn síwájú rẹ̀, bí iná yẹn kò bá sí níbi tí idẹ náà ń wò, dúdú ni yóò jẹ́ nínú fọ́tò. Dígí ni. Ohun tí dígí bá rí ni fọ́tò yóò gbé jáde, nítorí náà ohun tó ń rí lẹ máa tọ́jú, ẹ fi idẹ fúnra rẹ̀ sílẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ ohun tó ń rí? Bí ẹ bá ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ní tààrà, ọwọ́ yín ló máa padà sí. Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ jù ú, ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa gbà lọ, igun tó fi wọlé ló sì máa fi jáde. Ìmọ́lẹ̀ kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dúró síbi tí lẹ́ǹsì wà, kí ẹ ju bọ́ọ̀lù yẹn sí ohun èlò náà nínú ọkàn yín. Ibi tó bá ta lọ, ohun tó bá wà níbẹ̀ ló máa hàn. Bí fíláàṣì bá wà níbẹ̀, ẹ máa rí iná funfun gbáà. Bí ògiri dúdú bá wà níbẹ̀, dúdú lẹ máa rí. Bí ayàwòrán aláṣọ pupa bá wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ìyókù.

Ohun pẹrẹsẹ yàtọ̀ sí ohun tó tẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Ara gìtá pẹrẹsẹ, ìdérí píánò náà pẹrẹsẹ. Ibì kan péré ni irú wọn ń wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá kọ mọ̀nà lára gìtá, ẹ ní kí ẹni tó gbé e dání dà á síwájú díẹ̀ tàbí kó yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, iná náà á pòórá. Bí ẹ kò bá fẹ́ máa yí i kiri, ẹ gbé dígí kékeré lé ojú gìtá náà, kí ẹ wò ó láti ojú kámẹ́rà. Bí ẹ bá rí iná yín nínú dígí, ẹ máa rí i lára gìtá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ti bọ́.

Ẹnu trọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti ara sáksófóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé wọ́n tẹ̀, apá kan lára wọn ń wo òkè, apá kan ń wo ilẹ̀, apá kan ń wo ọ̀tún, òmíràn ń wo ẹ̀yìn kámẹ́rà níbi tí ẹ dúró sí. Kò sí ibi tí ẹ fẹ́ gbé iná sí tí kò ní rí i. Ẹni tó bá ń wá igun tí sáksófóònù kò ti ní kọ mọ̀nà rárá, ilẹ̀ á ṣú bá a. Ohun tó kù ni pé kí ẹ pinnu irú mọ̀nà tí ẹ fẹ́.

Ẹ fún un ní nǹkan tó dára wò

Bí iná kékeré lásán bá wà nínú yàrá, idẹ máa rí i bí àmì kékeré tó le, tó funfun, tó sì jó, ìyẹn ni pé ó mọ́ jù débi pé funfun lásán ló kù níbẹ̀ nínú fọ́tò. Lára sáksófóònù tó ní bọ́tìnì rẹpẹtẹ, iná kan máa di ogún àmì, fọ́tò á wá dà bí ẹni pé wọ́n da iyọ̀ sí i. Bí iná náà bá tóbi, bóyá sọ́fìtì-bọ́ọ̀sì ńlá ni, ìyẹn àpótí tí iná wà nínú rẹ̀ tí aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, tàbí aṣọ funfun tí iná gbà ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, idẹ máa rí pẹpẹ funfun ńlá kan, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ á sì jáde jẹ́jẹ́ láti eteetí rẹ̀ wá. Ibẹ̀ lojú ti máa ń mọ̀ pé idẹ ni. Ó yẹ kí n sọ ọ́ dáadáa: ìmọ́lẹ̀ tó hàn lára idẹ náà gan-an kọ́ ló ń fi hàn wá pé ó ń dán. Bó ṣe ń ti funfun rọra lọ sí dúdú ni.

Nítorí náà, dúdú pẹ̀lú jẹ́ ohun èlò iṣẹ́. Bí ẹ bá fi aṣọ funfun yí trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ká pátá, á dà bíi ike tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Kò ní sí ibi tó dúdú, etí rẹ̀ á sì bọ́ sínú ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá pátákó dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí i, kí ẹ sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìlà dúdú kan á fà gba etí fèrè náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ á sì yípo lójú yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ariwo ni mo pa.

Bí ìrísí iná náà ṣe rí ṣe kókó lára ohun tó gùn. Iná tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ bá gbé e lọ́gbọọgba pẹ̀lú fèrè, máa fa ìlà funfun kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ara rẹ̀. Iná roboto máa fi àmì roboto sílẹ̀. Agboòrùn funfun àwọn ayàwòrán kò burú fún ojú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ máa ń hàn lára idẹ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Èmi kì í lò ó mọ́ bí idẹ bá wà nínú fọ́tò.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Mo ti ń sọ̀rọ̀ fèrè bíi pé òun ló sanwó. Ẹni tó máa wo fọ́tò náà máa kọ́kọ́ wo ojú, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tan iná sí ojú kó dára, kí ẹ tó wá béèrè ohun tí iná yẹn ṣe lára ohun èlò.

Rírọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò sí lọ́wọ́ bí iná ṣe lágbára tó. Bó ṣe tóbi tó lójú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ni. Oòrùn tóbi ju ayé lọ lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bí àwo kékeré lójú ọ̀run, ìdí nìyẹn tí òjìji ọ̀sán fi máa ń le bíi kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Fèrèsé kan ṣoṣo tí olórin jókòó tì máa rọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ẹ fa iná yín súnmọ́, ó ti tóbi, ó ti rọ̀. Ẹ gbé e jìnnà, ó ti kéré, ó ti le. Ọ̀kan náà ni sọ́fìtì-bọ́ọ̀sì náà o.

Fún awọ dúdú, iná tó tóbi yìí tún ṣe iṣẹ́ kejì. Awọ dúdú kì í fọ́n ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ká, apá ṣíbí ara rẹ̀ ló máa ń ya ìrísí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti imú jáde. Iná kékeré máa fi àmì funfun tó jó sí iwájú orí, ìyókù á sì rì sínú òkùnkùn. Iná ńlá láti ẹ̀gbẹ́ máa tẹ́ dídán gbẹ̀rẹ́ṣẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á sì ní ara. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ tó ń ṣe fún awọ dúdú ló ń ṣe fún idẹ náà. Afunfèrè aláwọ̀ dúdú tó gbé trọ́ńpẹ́ẹ̀tì dání wà lára ẹni tó dùn-ún yà jù láyé, nítorí iná kan náà lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Afunfèrè aláwọ̀ funfun ló máa ń fún mi ní iṣẹ́ ṣe, torí ojú rẹ̀ á ti mọ́ jù kí idẹ tó mọ́ tó.

Ibì kan wà tí ojú àti ohun èlò ti máa ń jà gan-an, ìṣirò kékeré ló sì ń bá wọn parí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń dínkù kíákíá bó ṣe ń jìnnà sí orísun rẹ̀: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin kan péré ló kù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iná wà ní mítà 1 sí ojú olórin, onígìtá sì na ọrùn gìtá rẹ̀ síwájú débi pé orí gìtá náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí iná. Orí gìtá máa gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin èyí tó dé ojú. Bí ẹ bá ṣètò kámẹ́rà fún ojú, orí gìtá á jó. Bí ẹ bá ṣètò rẹ̀ fún gìtá, ojú á ṣókùnkùn. Ẹ wá gbé iná kan náà sẹ́yìn dé mítà 3. Orí gìtá wà ní mítà 2.5 báyìí, ìmọ́lẹ̀ tó sì gbà fi nǹkan bí ìdajì péré lé èyí tó dé ojú. Kámẹ́rà lè gbé ìyẹn mì. Ẹ ti pàdánù díẹ̀ nínú rírọ̀, torí iná ti kéré lójú olórin, ẹ̀yin lẹ máa wá yan èyí tó wù yín. Bí mo bá ní iná tó tóbi tó láti gbé jìnnà, mo máa ń gbé e jìnnà.

Ọ̀nà kejì ni kí ohun èlò má ṣe súnmọ́ iná ju ojú lọ rárá. Ẹ yí olórin díẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ohun èlò rẹ̀ jìnnà sí iná bákan náà. Ìṣẹ́jú kan péré ló ń gbà.

Ẹ má gbàgbé òjìji. Bí iná bá wà níwájú gan-an, òjìji ẹnu trọ́ńpẹ́ẹ̀tì máa bọ́ sójú ẹni tó ń fun ún. Bí ó bá ga jù, ọwọ́ tó di fèrè mú á ju òjìji sí àgbọ̀n. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kó ga díẹ̀ ju orí lọ, kí ẹ sì ní kí olórin lu nǹkan tàbí kó fun nǹkan díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ibi tí òjìji ń rìn sí. Onífáyólìn ló burú jù nínú èyí, nítorí ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń fa ọ̀pá sórí okùn kì í dúró. Bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yẹn wá, òjìji apá rẹ̀ á máa gba àyà àti ohun èlò rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń nu dígí ọkọ̀.

Bó ṣe kan fífun gan-an, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má yà wọ́n nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. Ètè á ti há, ojú á ti fún pọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mí èémí sínú tí fèrè ń bọ̀ lẹ́nu, ojú wọn máa ń là kedere. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Igi, dúdú àti aro

Gìtá àti fáyólìn jẹ́ igi tí wọ́n fi fáníìṣì kùn. Nínú igi náà, ìmọ́lẹ̀ ń fọ́n ká bíi ti aṣọ, ó sì ń fi ìlà ara igi hàn. Lórí fáníìṣì, ó ń tàn bíi ti ṣíbí. Nítorí náà ni fọ́tò gìtá fi lè ní àwọ̀ tó dùn lábẹ́, pẹ̀lú ìbòjú funfun kan tó bò ó mọ́lẹ̀. Gíláàsì polarizer tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ǹsì lè ká ìbòjú yẹn kúrò. Ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀ títí dídán á fi lọ, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ẹ bá ń wo ohun náà láti ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 55 sí ìlà tó dúró ṣánṣán lórí ojú rẹ̀. Ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ o: ó kéré tán ìdajì ohun tó yẹ kó wọ kámẹ́rà ló ń dá dúró. Àwọn kan máa ń dè é nítorí trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, wọ́n yí i títí, nǹkan kan kò sì yí padà. Kì í ṣe pé gíláàsì náà bàjẹ́. Dídán tó wá láti ara irin kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu bíi ti fáníìṣì, àfi bí wọ́n bá fi irú gíláàsì yẹn bo iná fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Píánò ńlá dúdú le púpọ̀, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: dúdú rẹ̀ kò fọ́n ìmọ́lẹ̀ kankan ká, dídán rẹ̀ sì ń gbé gbogbo yàrá wọlé. Tún wá fi kámẹ́rà kún un. Kámẹ́rà tó ń ṣètò ara rẹ̀ máa rí dúdú rẹpẹtẹ, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí ojú apiánò á fi jó. Ẹ gba ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣe é fún ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbìyànjú láti fi iná sínú dúdú. Ẹ fi ohun tó mọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí ìrísí rẹ̀ gé jáde, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gba etí rẹ̀ kọjá.

Ayàwòrán Arnold Newman ṣe irú èyí lọ́dún 1946 nígbà tó ya Igor Stravinsky, olórin tó ń kọ orin sílẹ̀. Ìdérí píánò tó ṣí sókè ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú fọ́tò náà, dúdú bíi yíǹkì lára ògiri tó mọ́, olórin náà sì wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó fi ọwọ́ ti orí. Kò sí àmì pé ẹnikẹ́ni ń làkàkà láti fi hàn wá pé píánò náà ń dán. Ó jẹ́ kó di àwòrán dúdú lásán, ìdérí yẹn sì wá jọ àmì tí wọ́n fi ń sọ ohùn kalẹ̀ nínú ìwé orin. Ìwé ìròyìn Harper's Bazaar tó rán an níṣẹ́ kọ̀ ọ́.

Aro, àwo idẹ pẹrẹsẹ tí onílù ń gbé sórí ọ̀pá, máa ń mì lẹ́yìn tí wọ́n bá lù ú, dídán rẹ̀ sì máa ń mì tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ kí iná tó wà lókè má bàa wọnú rẹ̀, kí ẹ sì yà á nígbà tó bá dúró. Ìlù fúnra rẹ̀ kì í fa ìjọ̀gbọ̀n. Awọ rẹ̀ jẹ́ aṣọ.

Iná láti ẹ̀yìn

Apá kan wà tí n kò tíì fọwọ́ kàn, òun ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ fọ́tò olórin tí ojú kì í gbàgbé. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀yìn wá máa ń fa ìlà sí etí orí, èjìká àti ohun èlò, èyí á sì yọ wọ́n kúrò lára òkùnkùn. Lára okùn gìtá, iná ẹ̀yìn ló ń jẹ́ kí a rí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èéfín àti eruku náà, láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń hàn. Iná iwájú máa pa wọ́n rẹ́.

Lọ́dún 1948, ní ilé orin Royal Roost ní New York, Herman Leonard ya Dexter Gordon pẹ̀lú sáksófóònù lórí itan àti sìgá lọ́wọ́. Èéfín tó ń gòkè níwájú òkùnkùn ni gbogbo ayé rántí. Bí wọ́n bá pa iná tó ti ẹ̀yìn wá nínú fọ́tò yẹn, kò sí èéfín, ọkùnrin tó jókòó sínú òkùnkùn ló máa kù. Leonard ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Yousuf Karsh ní Kánádà, Karsh náà sì ya tirẹ̀ lọ́dún 1954: Pablo Casals, tó ń lu sẹ́lò, ohun èlò tó dà bíi fáyólìn ńlá, nínú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn àtijọ́ kan ní Prades ní ilẹ̀ Faransé. Casals kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Ògiri òkúta ṣókùnkùn, fèrèsé kékeré kan ń tàn lókè réré, a kò rí ojú, a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun èlò. Mo ti sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, mo ṣì dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn máa ń bá mi jà.

Ìṣọ́ra kan pẹ̀lú iná ẹ̀yìn: ẹnu fèrè lè jù ú padà sínú lẹ́ǹsì, fọ́tò á sì funfun bíi pé kùrukùru bò ó. Ẹ fi pátákó dúdú bo iná náà lápá ibi tí kámẹ́rà wà.

Bí ẹ kò bá ní iná kankan

Fèrèsé kan àti aṣọ funfun kan ti tó. Ẹ jẹ́ kí olórin jókòó kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 1 sí 1.5, kí oòrùn má ṣe wọlé tààrà. Ẹ na aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sínú òjìji. Ẹ wá pa gbogbo gílóòbù inú yàrá. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe èyí, idẹ ló sì máa ń tú wọn fó. Kelvin (K) ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5500K, gílóòbù ilé tó pọ́n wà ní nǹkan bí 2700K. Lójú èèyàn, àwọn méjèèjì á pò pọ̀ débi pé a kò ní fura. Lára sáksófóònù, ẹ máa rí fèrèsé tó ní àwọ̀ òfuurufú lápá kan, àti àmì ọsàn kan lápá kejì, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní hàn.

Ó sàn kí ẹ lo iná tó ń tàn láìdáwọ́ dúró ju fíláàṣì lọ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹ máa rí ohun tí idẹ ń rí kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà. Fíláàṣì kì í fi hàn yín, ó di ìgbà tó bá bú.

Kí ẹ sì nu ohun èlò náà. Àmì ìka tí ojú kò rí nínú yàrá máa ń là bíi àpá ní abẹ́ iná ńlá. Ẹ jẹ́ kí olórin fi aṣọ tirẹ̀ nù ún o. Ẹni tó bá fi aṣọ ojú lẹ́ǹsì ha fáníìṣì fáyólìn ẹlòmíràn, wọn kò ní pè é mọ́.

Mo padà lọ bá bàbá afunfèrè ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo wọ aṣọ dúdú láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Mo ta aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, iná kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ta aṣọ dúdú ńlá sí iwájú wọn, mo gé ihò kan sí i, mo yọ lẹ́ǹsì gba inú ihò náà. Bàbá ń rẹ́rìn-ín pé ṣé mo ti ń sá fún àwọn ni. Nígbà tí mo gbé kámẹ́rà fún wọn, wọ́n tún ní kí n bá wọn sún un tóbi.

"Aláṣọ pupa ti lọ."

"Ó ti lọ, sà."

Wọ́n tún wò ó sí i. "Kí wá ni kiní dúdú yìí?"

Àmì kan ni, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, láàrin ìlà funfun tó yí ẹnu fèrè náà ká. Lẹ́ǹsì mi nìyẹn. Mo lè pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, n kò sì pa á rẹ́.